Onílé àti àlejò: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń so VM mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì

VM ni kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá sílẹ̀, tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà mìíràn. Nínú àwọn ìdáhùn yìí, onílé ni mo pe kọ̀ǹpútà gidi tó wà níwájú yín, àlejò ni mo pe èyí tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé VM kalẹ̀ rí yóò jẹ́rìí sí i pé mẹ́mọ́rì àti dísíkì kì í fa wàhálà tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má fọwọ́ kan ètò kankan títí ẹ ó fi lè sọ ta ló fẹ́ bá ta sọ̀rọ̀, àti ta ni yóò kọ́kọ́ pe ẹnì kejì. Ẹni tó bá mọ èyí ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Àlejò mi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò lè wọ inú rẹ̀ láti orí onílé. Kí ló fà á?

NAT ni ẹ wà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí àlejò jáde ní orúkọ onílé. Bí ẹ bá dá VM tuntun sílẹ̀ nínú VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń dá VM sílẹ̀, tí ẹ kò yí nǹkan kan padà, NAT náà ni yóò fún yín. Ẹ wo àdírẹ́sì àlejò yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé 10.0.2.15 ni ẹ ó rí níbẹ̀, pẹ̀lú 10.0.2.2 gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbájáde àti 10.0.2.3 tó ń bá a wá orúkọ ojúlé. Bí ẹ bá ní VM mẹ́ta lórí NAT, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa jẹ́ 10.0.2.15 láìsí ìjà, torí pé kálukú wà nínú yàrá tirẹ̀, pẹ̀lú ráútà kékeré tirẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí àlejò bá fẹ́ wo ojúlé kan, VirtualBox ló ń bá a jáde lọ ní orúkọ onílé. Ojúlé yẹn kò mọ̀ pé àlejò kankan wà, onílé nìkan ló rí. Tí èsì bá dé, VirtualBox rántí ẹni tó ránṣẹ́, ó sì gbé e fún un. Ẹ wò ó bí ẹni tó jókòó sí yàrá tó rán ọmọ níṣẹ́: ọmọ yóò mú èsì padà wá bá a, ṣùgbọ́n àjèjì tó ti ìta dé kò mọ yàrá tí yóò kàn. Onílé gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni ilé, àjèjì ni lójú NAT. Ìdí nìyẹn tí SSH yín (ọ̀nà tí ẹ fi ń wọ inú àlejò láti tẹ àṣẹ) kò fi wọlé. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n yí i sí Bridged. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn, àyàfi tí ẹ bá ní ìdí tó dájú.

Bridged Adapter máa ń gbé àlejò jáde sí gbangba. Ráútà ilé tàbí ti ọ́fíìsì ni yóò fún un ní àdírẹ́sì, bíi pé ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà máa bá àlejò yín sọ̀rọ̀, bóyá torí ó jẹ́ server tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dán wò, Bridged ló yẹ yín, ẹ lò ó láìbẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ń fẹ́ kí onílé tiwa nìkan rí àlejò ni. Ìyà tí Bridged ń fi jẹ irú wa pọ̀. Bí ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn, àdírẹ́sì àlejò yí padà, gbogbo fáìlì tí ẹ kọ àdírẹ́sì àtijọ́ sí sì di asán. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà tí alábòójútó wọn kì í gba kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀. Àlejò tí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù yẹpẹrẹ dán nǹkan wò sì ti wà níta gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Wi-Fi ló tún wá burú jù. Ẹ̀rọ Wi-Fi mọ àdírẹ́sì MAC ti onílé (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀), torí òun ló fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé. Tí ó bá rí pákẹ́ẹ̀tì tó ń ti ọ̀dọ̀ onílé bọ̀ àmọ́ tó ń jẹ́ MAC mìíràn, yóò kọ̀ ọ́. VirtualBox máa ń gbìyànjú láti fi MAC onílé rọ́pò ti àlejò, kó sì máa fi àdírẹ́sì IP mọ ẹni tó ni èsì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn Wi-Fi kan, kò ṣiṣẹ́ lórí àwọn mìíràn. Nítorí náà, tí Bridged bá ń ṣiṣẹ́ lórí wáyà tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi, ẹ má tún àlejò gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìsàn náà kò sí lára rẹ̀.

Kí wá ni ẹ rò pé ó yẹ kí n lò?

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Èkíní lórí NAT kí àlejò lè jáde, èkejì lórí Host-only kí onílé lè wọlé. Ètò yìí kò bìkítà nípa Wi-Fi, kò bìkítà nípa ibi tí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ, àdírẹ́sì rẹ̀ kì í sì yí padà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ já pátápátá, onílé àti àlejò yóò ṣì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi VirtualBox àti àlejò Ubuntu Server (irú Linux kan) ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ pa àlejò náà tán pátápátá, torí ẹ kò lè fi káàdì kún un nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Nínú VirtualBox, ẹ lọ sí File, Tools, Network Manager, kí ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Host-only kan ti wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ tẹ Create. Onílé yóò gba 192.168.56.1. Tí ẹ bá tan DHCP rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì, àdírẹ́sì tó máa ń pín fún àlejò bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.56.101. Ẹ wá ṣí ètò àlejò náà, ẹ fi Adapter 1 sílẹ̀ lórí NAT, ẹ tan Adapter 2, kí ẹ sì yan Host-only fún un.

Ẹ tan àlejò, ẹ tẹ `ip addr`. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rò pé àwọn ti ṣe àṣìṣe: enp0s3 (káàdì kìíní) ní 10.0.2.15, ṣùgbọ́n enp0s8 (káàdì kejì) kò ní àdírẹ́sì kankan, wọ́n sì kọ DOWN sí i lára. Kò sí àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n gbé Ubuntu kalẹ̀, káàdì kan ṣoṣo ló rí, òun nìkan ló sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ èkejì. Ẹ wo inú /etc/netplan, ẹ ó rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .yaml. Ẹ ṣí i, kí ẹ jẹ́ kó rí báyìí:

```
network:
  version: 2
  ethernets:
    enp0s3:
      dhcp4: true
    enp0s8:
      addresses: [192.168.56.10/24]
```

Àlàfo lásán ni kí ẹ máa fi sún ọ̀rọ̀ wọlé, ẹ má lo bọ́tìnì Tab, torí fáìlì náà kò ní gbà á. Ẹ tẹ `sudo netplan apply`, kí ẹ sì lọ sórí onílé, ẹ tẹ `ping 192.168.56.10`. Tó bá dáhùn, ẹ ti débẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú fáìlì yẹn. Mo mú 10 torí pé DHCP ń bẹ̀rẹ̀ láti 101, kò sí bí yóò ṣe fún ẹlòmíràn ní àdírẹ́sì tí mo ti mú. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: mi ò kọ ọ̀nà àbájáde kankan sábẹ́ enp0s8. Tí ẹ bá kọ 192.168.56.1 síbẹ̀ bí ọ̀nà àbájáde, àlejò yóò ní ọ̀nà méjì tó ń pe ara wọn ní ọ̀nà ìta, ó sì lè máa kó pákẹ́ẹ̀tì íntánẹ́ẹ̀tì gba Host-only, níbi tí kò sí ìta kankan. Ẹ ó wá máa sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ẹ fi káàdì kejì kún un ló kú.

Ṣé kò sí ọ̀nà tó kúrú ju ìyẹn lọ? SSH nìkan ni mo fẹ́.

Ó wà. Ẹ fi àlejò sílẹ̀ lórí NAT, kí ẹ dá pọ́ọ̀tù kan (ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà) lu láti onílé wọ inú rẹ̀. Tí orúkọ VM yín bá jẹ́ idanwo, àṣẹ náà nìyí nígbà tí ẹ ti pa á:

`VBoxManage modifyvm "idanwo" --natpf1 "ssh,tcp,127.0.0.1,2222,,22"`

Ẹ tan àlejò, kí ẹ wá tẹ `ssh -p 2222 orukoyin@127.0.0.1` lórí onílé. Ohunkóhun tó bá kan pọ́ọ̀tù 2222 lára onílé, pọ́ọ̀tù 22 àlejò ni yóò bọ́ sí. Ẹ má yọ 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, tó wà nínú àṣẹ yẹn. Tí ẹ bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, onílé yóò ṣí 2222 fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà, ìyẹn sì jìnnà sí ohun tí ẹ fẹ́. Bákan náà, tí onílé bá jẹ́ Linux, ẹ má yan nọ́ńbà tó kéré sí 1024 fún ẹ̀gbẹ́ onílé, torí aṣàmúlò lásán kò ní àṣẹ láti ṣí wọn.

Ọ̀nà yìí dára fún pọ́ọ̀tù kan tàbí méjì. Tó bá ti di mẹ́fà tàbí méje, ẹ padà sí káàdì méjì.

Mo fẹ́ kí àlejò méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ńkọ́?

NAT lásán kò ní ṣe é, torí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Tí ẹ bá ti ní Host-only, ẹ fi àwọn méjèèjì sí i, ó parí. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí onílé wà láàárín wọn rárá, Internal Network ni kí ẹ yàn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín ni yóò kọ àdírẹ́sì sí wọn lára. NAT Network, tó yàtọ̀ sí NAT, máa ń kó wọn sí yàrá kan náà, ó sì tún ń jẹ́ kí wọ́n jáde síta.

VirtualBox kọ́ ni mo ń lò.

Orúkọ ló yàtọ̀, èrò kan náà ni. Nínú VMware Workstation, VMnet0 ni Bridged, VMnet1 ni Host-only, VMnet8 ni NAT. Ohun kan tó yẹ kí àwọn tó ti ọ̀dọ̀ VirtualBox bọ̀ mọ̀ ni pé VMnet8 máa ń fún onílé náà ní àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì NAT, èyí tó parí pẹ̀lú .1, nígbà tí ọ̀nà àbájáde àlejò parí pẹ̀lú .2. Nítorí náà onílé lè bá àlejò sọ̀rọ̀ tààrà lórí NAT ti VMware, kò nílò káàdì kejì.

Lórí Linux, KVM pẹ̀lú libvirt rí bẹ́ẹ̀ náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ default wà lórí virbr0, ó ń lo 192.168.122.0/24, onílé sì ni 192.168.122.1. Tí àlejò bá kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ tó ń ké pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì default kò sí lẹ́nu iṣẹ́, `sudo virsh net-start default` ni oògùn rẹ̀, `sudo virsh net-autostart default` ni kò ní jẹ́ kó padà wá. Ẹ ṣọ́ra fún macvtap, ọ̀nà kan tó ń so àlejò tààrà mọ́ káàdì onílé. Pẹ̀lú rẹ̀, àlejò lè bá gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ àyàfi onílé tirẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ọjọ́ méjì wá ìdí rẹ̀ nínú firewall (ètò ààbò tó ń dí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì), bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ macvtap nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì, kó dá bridge gidi sílẹ̀ lórí onílé, tàbí kó fi káàdì kejì sórí default.

Hyper-V ti Windows ní swíìṣì mẹ́ta: External tó dà bíi Bridged, Internal tó so onílé mọ́ àlejò, àti Private tó wà fún àwọn àlejò nìkan. Default Switch tó bá Windows 10 àti 11 wá, NAT ni. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì rẹ̀ lè yí padà tí ẹ bá pa onílé tí ẹ tún tàn án. Ẹ má kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú fáìlì kankan.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ara wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa gòkè. Ohun tí mo rí pé àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á yí NAT sí Bridged, wọ́n á yí Bridged sí Host-only, wọ́n á tún padà sí NAT, láìwo ohun tó ń ṣe àlejò gan-an. Wọ́n ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà wà níbẹ̀. Nínú ètò káàdì kọ̀ọ̀kan, VirtualBox ní àmì kan tí wọ́n pè ní Cable Connected. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, àlejò dà bíi kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan fa wáyà rẹ̀ yọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àdírẹ́sì. Tí ẹ bá rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó túmọ̀ sí pé àlejò pe DHCP títí, kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Ẹ lọ wo DHCP. Tí àdírẹ́sì bá dára, ẹ ping ọ̀nà àbájáde. Tó bá dáhùn, ẹ ping 1.1.1.1. Tí ìyẹn náà bá dáhùn àmọ́ tí orúkọ ojúlé kò ṣí, DNS (ẹni tó ń bá yín wá orúkọ ojúlé) ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Tí àlejò bá jẹ́ Windows, ẹ má fi ping dá a lẹ́jọ́, torí firewall rẹ̀ sábà máa ń kọ ping sílẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo mìíràn ń lọ déédéé.

Tí gbogbo ìyẹn bá dára tí iṣẹ́ tí ẹ gbé sínú àlejò, bíi ojúlé, kò sì tíì ṣí láti orí onílé, ẹ wo iṣẹ́ náà gan-an. Èyí ló gba odidi òru kan lọ́wọ́ mi rí. Mo ní ojúlé kékeré kan lórí pọ́ọ̀tù 8000 nínú àlejò. Ping ń dáhùn, SSH ń wọlé, mo pa firewall, mo tún Host-only dá láti ìbẹ̀rẹ̀, ojúlé kò ṣí. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni mo tó tẹ `ss -tln`, tó ń fi ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń gbọ́ hàn, nínú àlejò, mo sì rí ìlà yìí:

`LISTEN 0 2048 127.0.0.1:8000 0.0.0.0:*`

127.0.0.1 nínú àlejò, àlejò nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojúlé mi ń dá ara rẹ̀ lóhùn, etí rẹ̀ kò sí níta. Mo sọ fún un kó máa gbọ́ lórí 0.0.0.0, ìyẹn gbogbo àdírẹ́sì àlejò, ó ṣí lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, `ss -tln` ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan VirtualBox.

Mo ṣe ẹ̀dà àlejò mi, àwọn méjèèjì wá gba àdírẹ́sì kan náà.

Tí VirtualBox kò bá ṣe MAC tuntun nígbà tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà, MAC kan náà ni wọn yóò máa jẹ́, DHCP yóò sì rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ wo MAC méjèèjì. Ti VirtualBox máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 08:00:27, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ubuntu Server lè ní MAC tó yàtọ̀ kó ṣì gba àdírẹ́sì kan náà, torí pé kì í fi MAC pe ara rẹ̀ níwájú DHCP. Ohun tó yọ láti inú fáìlì /etc/machine-id ló ń lò, ẹ sì ti ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn pẹ̀lú gbogbo yòókù. Nínú ẹ̀dà náà, ẹ tẹ `sudo truncate -s 0 /etc/machine-id`, kí ẹ tún un tàn. Yóò ṣe tuntun fún ara rẹ̀.

Tí mo bá tan VPN lórí onílé, àlejò kò rí orúkọ ojúlé mọ́.

VPN ti yí ẹni tí onílé ń bi ní orúkọ padà, àlejò sì ṣì ń bi ẹni àtijọ́. Ẹ pa àlejò, kí ẹ tẹ `VBoxManage modifyvm "idanwo" --natdnshostresolver1 on`. Láti ìgbà náà, onílé ni yóò máa bá a wá orúkọ. Tí ibi tí VPN gbé yín lọ bá tún ń lo 10.0.2, àwọn méjèèjì yóò kọlu ara wọn. Ẹ fi `VBoxManage modifyvm "idanwo" --natnet1 "192.168.77.0/24"` gbé NAT àlejò lọ síbòmíràn.

VirtualBox kọ àdírẹ́sì Host-only tí mo yàn.

Láti ẹ̀dà 6.1.28, tí onílé bá jẹ́ Linux tàbí macOS, 192.168.56.0/21 nìkan ló ń gbà. Tí ẹ bá fẹ́ òmíràn, ẹ kọ ọ́ sínú /etc/vbox/networks.conf lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ níwájú, bíi `* 10.10.0.0/16`. Tí fáìlì náà kò bá sí, ẹ dá a sílẹ̀.

Mo fẹ́ ṣí fáìlì tí mo fura sí nínú àlejò. Ṣé Host-only ti tó?

Kò tó. Host-only ní ọ̀nà kan tó lọ tààrà sọ́dọ̀ onílé, onílé sì ni ẹ fẹ́ dáàbò bò. Ẹ yan Not Attached fún gbogbo káàdì, ẹ yọ fódà tí onílé àti àlejò jọ ń lò, ẹ pa ẹ̀dà-ṣíṣe (copy àti paste) láàárín wọn, kí ẹ sì ya snapshot, àwòrán ipò àlejò tí ẹ lè padà sí. Kí ẹ tó tẹ fáìlì yẹn, ẹ tẹ `ip addr` nínú àlejò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà `lo`, tí àlejò fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, nìkan ló yẹ kó ní àdírẹ́sì.